Kí ni kóòdù ń sọ nígbà tí típà kò tètè gbà láàárọ̀?

Ní Iléṣà níbí, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ nípa Òṣómàáló rí: àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn kiri, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí wọn ò ní dìde títí owó wọn yóò fi pé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kóòdù inú ọkọ̀ díísù rí. Réwáyà lè fi skáànà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, pa á rẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, iná inú dáṣíbọ́ọ̀dù á kú, ẹ̀yin náà á sanwó. Kí ẹ tó wakọ̀ dé Òṣú, ó ti padà wá lóṣòó.

Kóòdù ni àkọsílẹ̀ tí brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, máa ń ṣe nígbà tí ìròyìn tí sẹ́ńsọ̀ kan (ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn nǹkan nínú ẹ́ńjìnnì) mú wá kò bá ohun tó ń retí mu. Brain box kò lójú. Kò rí páìpù tó jò, kò rí wáyà tí eku jẹ. Ohun tí wọ́n bá ròyìn fún un nìkan ló mọ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn kí ènìyàn ka kóòdù tán kó sì gba ọ̀dọ̀ oníspéépáàtì lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Lórí ọkọ̀ kéékèèké, lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin ni ẹ ó rí. P dúró fún ẹ́ńjìnnì àti jíà. Bí 0 bá tẹ̀ lé e, bí àpẹẹrẹ P0401, kóòdù tí gbogbo ilé iṣẹ́ jọ ń lò ni. 1 sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà. P0401 ń sọ pé èéfín tó yẹ kí EGR, ọ̀nà tí èéfín díẹ̀ ń gbà padà, dá padà sínú ẹ́ńjìnnì kò tó. Tírelà àti típà ńlá láti Amẹ́ríkà ní tiwọn lọ́tọ̀: nọ́ńbà méjì, SPN àti FMI. SPN sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, FMI sọ ohun tó ṣe ibẹ̀. SPN 157 ni agbára tí díísù fi ń tì nínú páìpù gbọọrọ tó ń pín in fún àwọn nọ́sù tó ń tú u sínú ẹ́ńjìnnì. Bí FMI bá jẹ́ 18, agbára yẹn ti lọ sílẹ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ 5, wáyà ló ṣeé ṣe kó já, pọ́ǹpù lè má ní àrùn kankan. Mo ti rí ẹni tó ra pọ́ǹpù nítorí pé SPN nìkan ló kọ sórí bébà tó gbé lọ sọ́jà.

Nígbà kan tí ọyẹ́ mú, wọ́n ní kí n wá wo típà Amẹ́ríkà kan tó ń kó yanrìn. Láàárọ̀, stáátà á yí, á yí, bátìrì á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí ẹ́ńjìnnì tó gbà. Skáànà gbé SPN 3251 FMI 16 jáde: DPF, fíltà tó ń gba èédú lọ́nà sàléńsà, ti ń dí. Wọ́n ti pinnu láti gé e dànù.

Mo bi dírẹ́bà pé níbo ni ọkọ̀ ń sùn. Ó ní bí òun bá páàkì sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí imú ọkọ̀ wà lókè, ìyà á jẹ òun láàárọ̀. Níbi tó tẹ́jú, kì í ṣòro. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ DPF rárá. Imú lókè, táǹkì nísàlẹ̀: díísù ti ń sàn padà sí táǹkì lóru, afẹ́fẹ́ sì gba ipò rẹ̀.

Mo ní kó yí i, mo dúró ti sàléńsà. Kò sí èéfín kankan. Bí èéfín funfun bá jáde, díísù ń wọlé ṣùgbọ́n kò jó: ẹ wo hítà plọ́ọ̀gì, kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra), tàbí bátìrì tí kò lágbára láti yí i kíákíá. Tí èéfín ò bá sí, nọ́sù ò tú nǹkan kan jáde. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta pẹtiróòlù sẹ́nu air cleaner kó lè gbà. Ìbúgbàù ni ẹ ń wá.) Lórí skáànà, agbára díísù kò ju 50 bar (bar ni a fi ń wọn agbára yìí) lọ. Ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì yìí ń fẹ́ bíi 200 sí 300 kí brain box tó jẹ́ kí nọ́sù ṣí. Mo wá lọ wo àwọn kóòdù àtijọ́ tí kò tan iná mọ́: SPN 157 FMI 18 wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó yà sí i.

Mo fi rọ́bà tó mọ́ gaara sójú ọ̀nà díísù ṣáájú pọ́ǹpù. Bí wọ́n ṣe yí i, ìfófòó bí ti omi ọṣẹ ń kọjá nínú rẹ̀. Wọ́ṣà pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà lórí fíltà ti gan, ó ń fa afẹ́fẹ́. A pààrọ̀ wọ́ṣà náà. Lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú imú lókè, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó gbà.

Iná DPF kò kú o. Nígbà míì, nọ́sù tó ń jò lè fa méjèèjì, ìyẹn ìṣòro àárọ̀ àti èédú. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́sù típà yìí dára. Láti ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn dé ibi tí wọ́n ń kọ́lé kò jìn, sàléńsà kì í gbóná tó láti jó èédú náà, iṣẹ́ tó ń fẹ́ bíi 600°C. A fi skáànà pàṣẹ kí ẹ́ńjìnnì jó o lórí ìdúró. Kí a tó tẹ bọ́tìnì, mo ní kí wọ́n gbá gbogbo koríko àti ewé gbígbẹ kúrò nísàlẹ̀ sàléńsà. Ọmọ iṣẹ́ kan ń rẹ́rìn-ín sí mi títí ó fi na ọwọ́ sún mọ́ páìpù náà.