Ẹ má fi èéfín lé àdán Ìdànrè torí tẹ́ẹ̀sì o

Mo ti gbọ́ ọ l'Ákùrẹ́ níbí tó fi sú mi, pé wọ́n tẹ́ẹ̀sì àdán inú ihò àpáta Ìdànrè, wọ́n bá fáírọ́ọ̀sì lára ohun tó ju ìdajì wọn lọ, ká yáa fi èéfín lé wọn ká pa wọ́n tán. Risáàṣì yẹn wà lóòótọ́, 2020 ni wọ́n gbé e jáde, àmọ́ kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n bá. Àǹtíbọ́dì ni, ohun tí ara máa ń ṣe láti fi bá àrùn jà, ti àwọn fáírọ́ọ̀sì tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí dìgbòlugi. Àpá ni, ó ń sọ pé egbò ti wà níbẹ̀ rí, kò sọ pé egbò ò tíì jinná. Àwọn èèyàn àdúgbò tí wọ́n tẹ́ẹ̀sì náà ńkọ́? Wọn ò bá àǹtíbọ́dì yẹn lára ẹnì kankan.

Kéèyàn tó mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì wà lára àdán lónìí, iṣẹ́ ńlá ni. Wọ́n á ta àwọ̀n sẹ́nu ihò nírọ̀lẹ́, wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, wọ́n á fi òwú nu ẹnu àdán, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá ọmọ ni àbí àgbà, wọ́n á tún padà wá lóṣù mìíràn torí fáírọ́ọ̀sì ò dúró sójú kan. Ní Python Cave, ihò àpáta kan ní Uganda, níbi tí irú àdán Ìdànrè yẹn náà ń gbé, bíi 2.5 nínú 100 ni wọ́n bá Marburg lára wọn (fáírọ́ọ̀sì mìíràn tó ń pa èèyàn ni Marburg, ó yàtọ̀ sí dìgbòlugi o), àmọ́ táwọn ọmọ àdán bá ti tó bí oṣù mẹ́fà, iye yẹn á fò sókè, torí àwọn ọmọ ló ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o.

Ẹ wá wo Kitaka, ihò ìwakùsà kan ní Uganda náà. Àwọn awakùsà kó Marburg níbẹ̀ ní 2007, ni wọ́n bá pa gbogbo àdán ibẹ̀. Àdán mìíràn tún wọlé wá, nígbà tí wọ́n fi máa tẹ́ẹ̀sì wọn ní 2012, àwọn tó ní fáírọ́ọ̀sì ti kúrò ní bíi 5 nínú 100, ó ti di 13! Ó jọ pé àwọn àdán àlejò yẹn ò tíì ní àǹtíbọ́dì, àǹtíbọ́dì tá à ń torí ẹ̀ bẹ̀rù àdán Ìdànrè yẹn gan-an.

Nínú èèyàn 203 tó ti fara kan àdán nínú risáàṣì Ìdànrè, 3 péré ló ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rí, èyí ló ń dùn mí jù. Tí àdán bá gé yín jẹ tàbí ó ha yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì lọ sọ́síbítù lọ́jọ́ náà.