Àrùn Escobar: ohun tó wà lábẹ́ awọ ẹ̀yìn eékún

Ọmọ tuntun tó ní àrùn Escobar lè dé kí eékún rẹ̀ ká kò, kí ìgúnpá má ṣeé nà, kí awọ bíi ti ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ sì so apá mọ́ ìhà tàbí àgbọ̀n mọ́ àyà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu àwọn òbí ni pé: ṣé ẹ ò lè gé awọ yìí ni?

Inú oyún ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára ló ń ránṣẹ́ sí ẹran ara kí ó tó mira. Lára ọmọ inú oyún, jíìnì (àṣẹ àjogúnbá inú ara) tí wọ́n ń pè ní CHRNG ló ń ṣe apá kan nínú ohun tó ń gba iṣẹ́ náà. Bí jíìnì yìí bá bàjẹ́, ọmọ kò ní lè mira tó, oríkèé tí kò mì a sì gan. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 33 oyún, ara a fi irú apá tí àgbà ń lò rọ́pò apá yìí. Nígbà tí wọ́n bá fi máa bí i, ẹran ara ti ń gbọ́ iṣẹ́. Gígan tó ti gan ló kù. Kò sí oògùn tí yóò tú u. Ọpọlọ ọmọ sábà máa ń pé.

Nínà ló kàn, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Físíò (oníṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú oríkèé àti ẹran ara) yóò kọ́ yín: ẹ na oríkèé dé ibi tó bá lè dé, ẹ dá a dúró síbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe nígbàkígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí. Ẹ má fi tipá ṣe é o, egungun ọmọ lè ṣẹ́. POP (sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀) tàbí ìdè tí wọ́n ń so mọ́ oríkèé lóru ni kì í jẹ́ kó padà sẹ́yìn.

Ní ti gígé awọ ẹ̀yìn eékún: iṣan ìmọ̀lára ńlá tó ń lọ sí ẹsẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ó kúrú, ó sì le bí ọsán inú ọrun. Bí a bá gé awọ tí a na ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣan yìí lè bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì lè má dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń lo férémù irin tó ń nà án díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n gé egungun itan kúrú. Síbẹ̀, ó lè padà ká bí ọmọ ti ń ga.

Ẹ sọ orúkọ àrùn náà fún ẹni tí yóò kun ọmọ lóorun, ì báà jẹ́ iṣẹ́ abẹ àjà ẹnu tó là tàbí ẹpọ̀n tí kò sọ̀ ni: ọrùn tó gan àti àgbọ̀n kékeré máa ń jẹ́ kó ṣòro láti ti ọ̀pá èémí wọlé. Ẹ máa yẹ ọ̀pá ẹ̀yìn wò, torí bó bá wọ́, ó lè há ẹ̀dọ̀fóró mọ́.

Bíi ti AS pẹ̀lú AS ni àjogúnbá rẹ̀: àwọn òbí méjèèjì ló ń gbé e láìmọ̀, ewu rẹ̀ sì jẹ́ 25% nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tún lóyún, ẹ ní kí sikáànì wo bí ọmọ ṣe ń mira.