Ṣé Dandan Ni Ká Dìbò?

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi àwa agbẹjọ́rò ni pé: ṣé ìjọba lè mú ẹni tí kò bá dìbò? Rárá o. Ẹ ṣí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sí abala 24, níbi tí wọ́n to ojúṣe ọmọ ìlú sí. Ẹ ó rí owó orí níbẹ̀, ẹ ò ní rí ìbò. Lọ́dún 2025, àbá kan dé ilé aṣòfin l'Ábùjá pé kí wọ́n bu ₦100,000 lé ẹni tí kò bá dìbò, tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ariwo ta, wọ́n sì fà á padà. Inú mi dùn sí i, torí ẹ̀wọ̀n kì í kọ́ni ní ìfẹ́ ìlú.

Síbẹ̀, gbèsè ni ìbò jẹ́ lọ́rùn wa. Ẹ wo ìdìbò gómìnà ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2018. Adémọ́lá Adélékè ní ìbò 254,698, Gbóyèga Oyètọ́lá ní 254,345. Ìbò 353 péré ló wà láàárín wọn! INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ní àwọn ò tíì lè kéde ẹnikẹ́ni, wọ́n sì tún ìbò dì ní ibùdó méje tí wọ́n ti fagi lé èsì tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kà á tán, Oyètọ́lá fi 482 borí. Àwọn tó jókòó sílé ní àdúgbò kan ṣoṣo l'Óṣogbo tó láti yí èsì yẹn padà. Tíṣà tó ń retí owó oṣù àti bàbá tó ń retí owó ìfẹ̀yìntì ni ìpinnu náà já lé léjìká, ì báà ṣe ire, ì báà ṣe ibi. Ìdí tí mo fi pè é ní gbèsè nìyẹn: ohun tá a kọ̀ láti ṣe, ẹlòmíì ló ń kàn.

Mi ò bá nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wí, tàbí ẹni tí jàǹdùkú fi àdá lé. Àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun pàápàá, òfin ò tíì fún wọn láyè. Ẹni tó gba owó "dìbò kóo sebẹ̀" ló burú ju ẹni tó sùn sílé lọ. Ọ̀daràn ni òfin pe ẹni tó ra ìbò àti ẹni tó tà á.

Ẹni tó bá ti kó kúrò ládùúgbò tó ti forúkọ sílẹ̀, kó lọ sí ọ́fíìsì INEC kí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wá sí ibùdó tó sún mọ́ ọn, kí àsìkò ìforúkọsílẹ̀ tó parí.