Ta Ló Ní Wáìnì Pupa Kì Í Wọ Fíríìjì?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé Ọdún Àjíǹde, ọjọ́ ìsinmi tí gbogbo ẹbí wa fi ń péjọ, mo ti gbé ìgò wáìnì pupa kan dé ẹnu fíríìjì nígbà tí ẹ̀gbọ́n màmá mi ké láti pálọ̀: "Rárá o! Wáìnì pupa kì í wọ fíríìjì. Gbé e sórí tábìlì, kó wà bí yàrá ṣe wà." Mo ní, "Ó dáa, Bàbá." Àgbà ni wọ́n, ilé wọn náà sì ni, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, kò jìnnà sí Ọjà Wàǹdó. Mo gbé e sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ìgò méjì ni mo rà, ọ̀kan náà gan-an ni wọ́n, inú páálí kan ni wọ́n ti jáde. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a jẹun, mo ti ìkejì bọ garawa omi àti yìnyín ní ilé ìdáná.

Oúnjẹ ayẹyẹ ni iṣẹ́ mi. Kò sí ibi tí mo sè dé, ní Àjàṣẹ́ níbí o, ní Kétu o, títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, tí n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: wáìnì funfun ni kó tutù, pupa kò gbọdọ̀ tutù, ẹni tó bá ti fi í sí fíríìjì ti bà á jẹ́. Àwọn tí ń sọ ọ́ kò purọ́, bí wọ́n ṣe gbà á ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ó kàn jẹ́ pé òfin náà ti kúrò nílùú tí wọ́n ti ṣe é.

Ilẹ̀ Faransé ló ti wá. Láyé àtijọ́, yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń kó wáìnì pa mọ́ sí, níbi tí ó máa ń tutù tó dígírì 10 sí 12. Wáìnì pupa tó tutù tó báyẹn máa ń le lẹ́nu. Nítorí náà, kí àlejò tó dé, wọ́n á gbé ìgò náà wá sí yàrá tí wọ́n ti ń jẹun, kí òtútù ara rẹ̀ lè dín kù. Chambrer ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn, láti ara chambre, ìyẹn yàrá. Ẹ wá bi mí pé yàrá wo. Yàrá ilé olókùúta ni, nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ amúlémóoru, tó jẹ́ iná igi nìkan ni wọ́n ń yá. Dígírì 16 sí 18 ni irú yàrá bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Ẹni tí a bá jókòó sínú rẹ̀ níbí á ní ká bá òun wá aṣọ òtútù.

Mo ní tẹmọ́mítà kan tí mo fi ń wọn òróró gbígbóná lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí a fẹ́ jẹun ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo tì í bọ inú ife tí mo bu láti ìgò orí tábìlì. Ó dúró sórí 31. Yàrá tiwa nìyẹn! Kódà lásìkò ọyẹ́, yàrá ilé wa kì í sábà tutù dé 18. Ẹni tó bá ní kí wáìnì pupa "wà bí yàrá ṣe wà" ní Àjàṣẹ́ ń ní kí a mu ún ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, ohun tí ẹni tó dá òfin náà sílẹ̀ kò rò rí.

Kí ni ooru ń ṣe fún un? Bí a bá pín wáìnì pupa sí ọgọ́rùn-ún, ọtí líle inú rẹ̀ máa ń tó 13 tàbí 14. Bí ó bá ṣe ń gbóná sí i ni ọtí yẹn ṣe ń fò jáde. Ẹ óò gbé ife símú, òórùn èso tí ẹ torí rẹ̀ sanwó kò ní dé ọ̀dọ̀ yín, ọtí ni yóò kọ́kọ́ ta yín nímú bí ìgbà tí ẹnìkan ṣí ìgò sódábì (ògógóró). Kíkan díẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹnu mọ́ á fara pa mọ́. Wáìnì á wá wúwo lórí ahọ́n, á sì dà bí ẹni pé kò dáa láti ilé.

Ata wa ló wá fi tirẹ̀ kún un. Lọ́jọ́ náà, àmìwọ̀, ìyẹn ọkà àgbàdo tí a fi tòmátì rò, àti adìyẹ ni mo sè, àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ inú wa sì gún iyán, wọ́n fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ta gidi jẹ ẹ́. Nínú ẹnu wa, àwọn iṣan kan wà tó ní ẹnu-ọ̀nà kékeré tó máa ń ṣí nígbà tí ohun gbígbóná bá kàn wá, láti nǹkan bí dígírì 43 sókè. Bí ó bá ti ṣí, ọpọlọ á gbọ́ pé iná dé. Èròjà inú ata tí wọ́n ń pè ní capsaicin máa ń ṣí ẹnu-ọ̀nà yẹn gan-an láìjẹ́ pé ohun kankan gbóná. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ata "ń jó" wa lẹ́nu. David Julius àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì California ní San Francisco ló dá ẹnu-ọ̀nà náà mọ̀ ní 1997, ó sì wà lára iṣẹ́ tó fi pín nínú ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Ọtí líle náà máa ń mú kí ẹnu-ọ̀nà yìí tètè ṣí. Nítorí náà, ẹni tó fi wáìnì dígírì 31 lé ọbẹ̀ ata ti da epo síná. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá ní oúnjẹ Yorùbá àti wáìnì kò bára mu. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni oúnjẹ wa ṣẹ̀?

Mo lọ bu ife méjì méjì ní ilé ìdáná, ọ̀kan láti ìgò orí tábìlì, ọ̀kan láti inú garawa. Èyí tó tutù ń làágùn, omi ń ṣàn lára ife náà, mo fi ìnura nù ún gbẹ kí n tó gbé e jáde. Tẹmọ́mítà sọ pé 15 ni. N kò sọ fún wọn pé wáìnì kan náà ni. Àwọn Mùsùlùmí inú ẹbí ń mu bísáàpù (zóbò) tiwọn, wọ́n ń wò wá. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tọ́ àkọ́kọ́ wò, wọ́n jẹ òkèlè kan, wọ́n tọ́ ìkejì, èyí tó tutù, wò, wọ́n tún padà sí i. Wọ́n ní, "Èyí ni wáìnì. Eélòó lo ra èyí?"

Mo gbé ìgò méjèèjì wá síwájú wọn. Wọ́n wo ìwé ara ìgò kìíní, wọ́n wo ti ìkejì, wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó na ife sí mi. Wọ́n ní, "Bù ú kún."

Bí ẹ óò ṣe ṣe é kò le. Tó bá jẹ́ fíríìjì ni, ẹ gbé ìgò sínú rẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí méjì kí ẹ tó jẹun. Tí àlejò bá ti jókòó, garawa ló yá jù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ da omi sí yìnyín náà. Yìnyín nìkan kì í fọwọ́ kan ara ìgò tán, omi ló ń yí i ká. Fírísà kò dáa, nítorí bí wáìnì bá dì, ó máa ń wú, á ti ìdérí jáde tàbí kó fọ́ ìgò. Wáìnì pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi Beaujolais fẹ́ dígírì 12 sí 14, èyí tó nípọn bíi ti Bordeaux fẹ́ 16 sí 18. Ẹ má bẹ̀rù bí ó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ nígbà tí ẹ bù ú, torí nínú ooru tiwa kò ní pẹ́ tí òtútù ara rẹ̀ á fi dín kù nínú ife.

Ibi kan wà tí àwọn àgbà ti sọ òótọ́. Wáìnì pupa tó sùn mọ́jú nínú fíríìjì, tó ti tutù dé dígírì 4 tàbí 5, kò dùn. Tánínì, èròjà tó ń mú ẹnu gbẹ bí ìgbà tí èèyàn jẹ orógbó, máa ń korò sí i bí ó bá tutù jù. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ gbé ìgò náà síta fún bí ìdajì wákàtí.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ibi tí a ń kó ìgò sí. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti rí i lórí fíríìjì, níbi tí ooru ẹ̀rọ ń gbá a lójoojúmọ́, tàbí níwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn? Wáìnì tó bá gbóná bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan á máa dùn bí èso tí wọ́n sè. Kò sí yìnyín tó lè tún un ṣe. Ẹ wá igun ilé tó tutù jù, tí oòrùn kì í dé, kí ẹ sì má rà nínú èyí tó ti ń yá oòrùn lọ́dọ̀ ẹni tí ń tà á.

Èyí tó bá kù lẹ́yìn oúnjẹ ńkọ́? Ẹ dé e, kí ẹ sì gbé e sí fíríìjì, pupa o, funfun o, nítorí afẹ́fẹ́ tètè ń ba wáìnì jẹ́ nínú ooru. Nígbà tí ọlidé yẹn parí, ìdajì ìgò kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n màmá mi fúnra wọn ló gbé e sínú fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ tútù. Ní ọjọ́rú, a fi ife kan jẹ iyán tó kù, mo sì da ìyókù sínú ọbẹ̀ ẹran.