Ilà Tó Wà Lára Ọ̀bẹ Ẹnu Ìbọn

Ní àwọn ilé àtijọ́ ní Láfíàjì tàbí Èbúté Mẹ́ta, wọ́n lè máa palẹ̀ yàrá bàbá àgbà tó ti lọ mọ́, kí wọ́n ṣí pọ́tímáńtò, kí ọ̀bẹ gígùn kan yọ lábẹ́ aṣọ. Ẹnìkan á ní idà ni. Ẹlòmíì á ní ohun awo ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó sì lè jẹ́ ọ̀bẹ ẹnu ìbọn, èyí tí àwọn sójà ń pè ní báyónẹ́ẹ̀tì. Èkó kò ṣàjèjì sí ogun tó gbé irú rẹ̀ lọ́wọ́: ojú ogun Bóòmà ni orúkọ bárékè Dodan ní Ọbáléńdé àti ti Arakan ní Àpápá ti wá, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti jà títí di 1945.

Láti mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ọ̀bẹ lásán kò le. Ọ̀pọ̀ wọn ní òrùka lára irin tó dábùú lókè èèkù, òrùka tí ẹnu ìbọn ń gbà kọjá, ìdí èèkù sì ní ojú ihò tí wọ́n fi ń há a mọ́ ìbọn. Lẹ́yìn èyí, tépù télọ̀ ti tó. Ojú irin Pattern 1907 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣe fún ìbọn Lee-Enfield, jẹ́ íǹṣì 17, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 43. Type 30 ti Jàpáànì, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wò ṣe tiwọn, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Tí òbìrí mẹ́rin bá wọnú ara wọn lára irin, Jàpáànì ló rọ ọ́.

Ibi tó dùn jù ni gbòǹgbò irin, níwọ̀n ìka méjì sí èèkù. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ilà sí. Bí àgbà ìgbà kan ṣe ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ àlejò, tó rí pélé, tó rí gọ̀ǹbọ́, tó rí àbàjà, tó sì ti mọ ilé rẹ̀ kí àlejò tó lanu, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka irin yìí. Lára ti Gẹ̀ẹ́sì, adé ló máa ń wà lókè, lẹ́tà ọba lábẹ́ rẹ̀: ER fún Edward, GR fún George. Lẹ́yìn náà ni 1907.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, ó sì ń dunni. Wọ́n á rí 1907, wọ́n á kéde pé ọdún yẹn ni wọ́n rọ irin náà, wọ́n á sì bu owó lé e. 1907 kì í ṣe ọdún tí wọ́n rọ ọ́ rárá. Orúkọ irú ọ̀bẹ náà ni. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ gangan wà nínú nọ́ńbà kéékèèké tó tẹ̀lé e: 5 àti 17 túmọ̀ sí oṣù karùn-ún, 1917. Orúkọ ẹni tó rọ ọ́ á wà nítòsí, bíi Wilkinson, Sanderson tàbí Chapman. Tí wọ́n bá yí i padà, ọfà ń sọ pé ti ìjọba ni, X ń sọ pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wò, kò sì kán. Tí ọfà méjì bá dojú kọra wọn, ìjọba ti tà á dànù.

Èèyàn máa ń kọ ilà lẹ́ẹ̀kan ní kékeré. Irin ń kọ ọ́ títí dàgbà. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan, wọ́n lu nọ́ńbà sí ìdí èèkù. Ó dé ibi àtúnṣe, wọ́n tún lu òmíràn. Ó wá dà bí obìnrin tó gba ilà ilé bàbá, tó sì tún fín ọwọ́ nílé ọkọ. Nítorí náà, irọ́ kì í pẹ́ hàn. Ẹni tó ní Ọ̀yọ́ ni òun, tí ilà Oǹdó gbàgà kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ní àlàyé láti ṣe.

Ìkọ́ ni àpẹẹrẹ tó dáa jù. Nígbà tí Pattern 1907 kọ́kọ́ jáde, irin tó dábùú yẹn ní ìkọ́ tó tẹ̀ síwájú. Ní 1913 wọ́n pa ìkọ́ náà tì, wọ́n sì gé e kúrò lára ọ̀pọ̀ èyí tó wà nílẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù wá di ọ̀wọ́n, ni àwọn kan bá gbé ti wọn lọ bá wẹ́dà pé kó lẹ ìkọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tí ilà ọ̀bẹ Gẹ̀ẹ́sì bá sọ 1916, níbo ni ìkọ́ ti wá? Ihò kékeré tún wà. Láti 1916 ni wọ́n ti ń lu u sí ìdí èèkù kí ìdọ̀tí lè rí ibi jáde, wọ́n sì lu u sí ara ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tó wá fún àtúnṣe. Èyí tó jẹ́ 1911, tó ní ìkọ́, tí kò ní ihò, ọwọ́ kankan kò tún un ṣe. Òun ni àwọn olùkójọ ń wá kiri.

Ọjọ́ orí nìkan kì í mú owó wá, nígbà náà. Ìbọn No. 4 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò nínú ogun àgbáyé kejì ní irin ṣónṣó tí kò lójú, tí kò ju íǹṣì 8 lọ, bí irin súyà. Èyí tó rí roboto, Mk II (ìyẹn irú kejì), wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ga. Mk I, tí ara rẹ̀ ní igun mẹ́rin bí àgbélébùú, ló ṣọ̀wọ́n, ilé iṣẹ́ Singer ní Clydebank, Scotland, ló sì ṣe é: Singer kan náà tí télọ̀ Èkó ń fi ẹsẹ̀ wà.

Ọgbọ́n ńlá ni pé irin fúnra rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Àlèébù rẹ̀ ni pé gbogbo ilà yẹn sọ ẹni tó rọ ọ́ àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sọ orúkọ ẹni tó gbé e lọ sójú ogun. Ìyẹn kù sọ́wọ́ ẹbí. Fọ́tò bàbá nínú aṣọ sójà, ìwé tí wọ́n fi tú u sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀: tí àwọn wọ̀nyí bá bá ọ̀bẹ rìn, iye rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ìtàn ẹnu nìkan, olùrà kì í san owó lé e.

Ohun tó ń ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ni ìfẹ́ kó máa dán. Wọ́n á fi sáńpépà ha á, wọ́n á gbé e fún apọ́nbẹ, tàbí kí wọ́n fi Brasso bó o títí yóò fi dà bí ṣíbí tuntun. Lójú ẹni tó ní in, ó ti gbayì. Lójú ẹni tó mọ̀, wọ́n ti bó ojú èèyàn, ilà ti lọ, kò sì sí oníṣẹ́ tó lè dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn, a fi kí wọ́n gbé e lọ sí Òwodé Onírin, kí wọ́n wọ̀n ọ́n pẹ̀lú àwókù irin.

Àwọ̀ dúdú tó wọ irin lára kì í ṣe ìdọ̀tí, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìpẹtà pupa tó ń jẹ irin nìkan ni kí wọ́n fi aṣọ òwú àti òróró máṣíìnì nù díẹ̀díẹ̀. Àkọ̀ rẹ̀ náà ń gbé owó rẹ̀ sókè, pàápàá tí nọ́ńbà méjèèjì bá bára mu, ṣùgbọ́n àkọ̀ awọ máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà sì ní iyọ̀ nínú. Nínú pọ́tímáńtò yẹn, kí irin wà lọ́tọ̀, kí àkọ̀ wà lọ́tọ̀.