Ọmọ Aago Ni Táńkì Tọ́ílẹ́ẹ̀tì

Ìró kan ló jí mi lóru. Ìró tín-ín-rín ni, ṣììì, bí ìgbà tí òróró bá ń gbóná díẹ̀díẹ̀ nínú agbada, láti inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé wa n'Íbàdàn. Táńkì náà kún, ó dákẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe bàbá pulọ́ńbà àdúgbò. Bàbá kò tilẹ̀ tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Búlúù ìfọṣọ ló béèrè, ó da díẹ̀ sínú táńkì, ó ní, "Má tẹ̀ ẹ́ o, àbúrò. Jẹ́ ká lọ jókòó síta."

Nígbà tó tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, a padà wọlé. Okùn búlúù kan tó tín-ín-rín ń sọ̀ kalẹ̀ láti abẹ́ etí àwo, ó ń tú ká sínú omi ìsàlẹ̀ bí aró. Bàbá ti ọwọ́ bọ táńkì, ó fa rọ́bà ìdí rẹ̀ yọ. Ó ti gan bíi pọ̀nmọ́ tí wọn ò tíì rẹ sómi. Mo ní, "Bàbá, ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ ro irú nǹkan báyìí?" Wọ́n ní, "Òyìnbó ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbé mì láti ọjọ́ náà.

Aṣọ́bodè méjì ló wà nínú táńkì. Èkíní ń ṣọ́ ibi tí omi ń gbà wọlé. Bọ́ọ̀lù tó ń léfòó ni, ó wà lórí apá gígùn kan. Bí omi bá ṣe ń ga ló ń gbé bọ́ọ̀lù lọ sókè, tí apá náà á sì máa pa ẹnu ọ̀pá omi dé. Gígùn apá yẹn ló ń sọ agbára kékeré tí bọ́ọ̀lù ní di ńlá lẹ́nu ọ̀pá, òun ni ike fífúyẹ́ fi ń dá omi ẹ̀rọ dúró. Èkejì ń ṣọ́ ibi tí omi ń gbà jáde, ìyẹn rọ́bà tó bo ihò ìdí táńkì. Omi tó wà lórí rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí a bá fa ẹ̀wọ̀n rẹ̀, á ṣí, afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ á mú kó léfòó, kò sì ní padà jókòó àfi bí omi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwo funfun tí gbogbo ayé ń wò, ìjókòó lásán ni.

Nínú àwọn méjèèjì, bọ́ọ̀lù ni mo kà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀. Láìsí i, táńkì kò yàtọ̀ sí korobá tí ìránṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa pọnmi kún. Ilẹ̀ Áfíríkà sì ni bọ́ọ̀lù ti wá, inú aago ló ti jáde.

Aago omi ti pẹ́ ní Íjíbítì. Èyí tí wọ́n rí nínú àwókù tẹ́ńpìlì Karnak jẹ́ ti ayé Fáráò Amenhotep Kẹta, ó lé ní 3,300 ọdún sẹ́yìn. Ìkòkò òkúta ni, ihò kékeré wà nísàlẹ̀ rẹ̀, omi ń kán jáde, wọ́n sì ń ka wákàtí lára ìlà tí wọ́n fín sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti tú ẹnu kẹ́ẹ̀gì omi rí mọ ìṣòro tó wà níbẹ̀. Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì kún, omi ń tú yàà. Nígbà tó kù díẹ̀, ó ń rò tó, tó, tó. Wákàtí àárọ̀ á kúrú, tìrọ̀lẹ́ á gùn. Àwọn ará Karnak mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n jẹ́ kí ìkòkò náà fẹ̀ lókè, kó fún nísàlẹ̀, kí ó lè dọ́gba díẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ ìṣòro náà kò tán.

Ẹni tó yanjú rẹ̀ gbé ní Alẹkisáńdíríà, lẹ́nu òkun Íjíbítì kan náà, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Ctesibius lorúkọ rẹ̀, ọmọ onígbàjámọ̀ ni. Vitruvius, òǹkọ̀wé ará Róòmù àtijọ́, ló ròyìn bí ọgbọ́n rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ so dígí kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ lọ́nà tí wọ́n á fi lè máa fà á sókè sódò, ló bá fi òjé so ìdí okùn kejì, ó sì fi òjé náà pamọ́ sínú ihò tóóró kan. Bí òjé bá ti ń já bọ̀, ó ń ti afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ náà á sì súfèé. Ẹlòmíràn ì bá bínú sí ariwo náà, kó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Òun jókòó tì í. Láti ibẹ̀ ló ti ṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè, ló ti ṣe dùùrù tó ń fi omi tẹ afẹ́fẹ́, ló sì ti dé ìdí aago.

Ohun tó ṣe rọrùn débi pé èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò jẹ́ kí omi aago wá tààrà láti orísun. Ó fi ìkòkò kan sáàárín, ó sì rí i dájú pé ìkòkò náà ò ní kún jù, kò ní dín. Àwọn ìwé tirẹ̀ ti ṣègbé, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tó tún iṣẹ́ náà yà lẹ́yìn ìgbà náà fi nǹkan kan tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó sínú ìkòkò àárín yẹn. Ó ń léfòó. Bí omi bá ga, orí ṣóńṣó á wọ ẹnu ọ̀pá tó ń da omi sílẹ̀, á dí i. Bí omi bá dín, á sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà á ṣí. Gbé àwòrán yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì ilé rẹ, kí o sọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ fún mi.

Wọ́n á ní Gíríìkì ni. Èdè Gíríìkì ló ń sọ lóòótọ́. Èmi náà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní báńkì, kò sọ mí di ará Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Alẹkisáńdíríà ni, orí ilẹ̀ tí Náílì ń bomi rin ni ìyá rẹ̀ bí i sí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun tó ń léfòó ṣàjèjì sí tiwa. Àwọn òyìnbó ajíhìnrere tó wá sí ilẹ̀ yìí láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí igbá ńlá ni wọ́n fi gbé àwọn kọjá odò Ògùn nígbà tó kún, tí òmùwẹ̀ ń tì wọ́n lọ. Igbá tó gbé wọn àti bọ́ọ̀lù inú táńkì, agbára kan náà ló wà nínú wọn. Ohun tí Ctesibius fi kún un ni pé ó fún igbá ní iṣẹ́ ṣe.

Iṣẹ́ náà kò kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní nǹkan bí 300 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní Alẹkisáńdíríà kan náà, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Hero ṣàlàyé abọ́ wáìnì kan tí kì í gbẹ: bí ẹ bá ṣe ń bù ú, ohun tó ń léfòó á sọ̀ kalẹ̀, á ṣílẹ̀kùn fún òmíràn. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Banu Musa lo irú rẹ̀ ní Bàgídáàdì, nínú ìwé kan tó kún fún ẹ̀rọ àràmàǹdà. Ní 1206, al-Jazari, oníṣẹ́ ẹ̀rọ mìíràn, parí ìwé tirẹ̀, aago omi ńláńlá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìfọwọ́ tó ní ẹyẹ ọ̀kín náà wà níbẹ̀, tó ń da omi fún ọba láti ṣàlùwàlá. Ní tèmi o, ọ̀nà ibẹ̀ ni ọgbọ́n yìí gbà: láti ọwọ́ aláago dé ọwọ́ aláago, tó wọ inú ìwé Lárúbáwá, tó bá àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà kọjá òkun lọ sí Sìpéènì, tó sì ti Sìpéènì lọ sí Mẹ́síkò. Ẹ máa fi ọ̀rọ̀ Mẹ́síkò yẹn sọ́kàn.

Àwọn ará Ìlú Ọba á ní Sir John Harington ni baba tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ìsàmì Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ni, ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1596, ó ṣe ọ̀kan sílé ara rẹ̀ ní Kelston, ó ṣe ọ̀kan fún ọbabìnrin. Nínú àwòrán tó yà, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú táńkì. Ẹja yẹn ló dára jù níbẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀lù, ìránṣẹ́ ló ń pọnmi. Ó tiẹ̀ gbà pé bí omi bá wọ́n, kí wọ́n máa ṣí i lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, bí ogún èèyàn tilẹ̀ lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé féèsì-mí-àì-féèsì-yú rí ti mọ bí ibẹ̀ yóò ṣe máa rùn.

Inú orúkọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni Harington ti dá àpárá ìwé rẹ̀. Àwa náà kò kẹ̀rẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ ìbòjú. Ìgbọ̀nsẹ̀ ni àgbà ń pè é, ó sì dà bíi pé gbígbọn ẹsẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá gbọn ìrì dànù nígbà tó ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀. Agbépòó ní tirẹ̀ kò fi bò: ó ń gbé póò, ó parí. Lálẹ́ ló máa ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó nígbà àtijọ́, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ọmọdé kí wọ́n má bú u, nítorí bó bá sọ ẹrù kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ̀yin lẹ máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kí ilé-iṣẹ́ omi Ijù tó bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ibo ni táńkì ì bá ti rí omi mu l'Ékòó?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sídìí aago. Ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní ìwé àṣẹ pé òun ló ni ọgbọ́n tọ́ílẹ́ẹ̀tì olómi ni Alexander Cumming, ní 1775. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Aago ló ń ṣe! Ọmọ Sìkọ́tíláńdì tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ti ṣe aago fún Ọba George Kẹta. Òun ló tẹ ọ̀pá ìdí àwo bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, kí omi lè máa dúró síbẹ̀ kí òórùn má gòkè. Bí mo ti ka ibẹ̀, mo na ọwọ́ lu tábìlì. Aláago ní Alẹkisáńdíríà, aláago ní Lọ́ńdọ̀nù! Ẹni tó bá fẹ́ pe ìyẹn ní kòńgẹ́ lásán, kó máa pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Joseph Bramah, ọmọ Yorkshire tó ń ṣe àga àti kọ́bọ́ọ̀dù, yí ìdérí tó ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ padà sí èyí tó ń ṣí bí ìlẹ̀kùn. Ó tà dáadáa.

Mẹ́síkò wá dà? Ní 1790, nínú ìwé ìròyìn tirẹ̀, àlùfáà Kátólíìkì kan, José Antonio Alzate y Ramírez, ṣàlàyé bọ́ọ̀lù lórí apá tó ń ti omi pa fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ti di ohun ilé.

Aṣọ́bodè kejì ló wá di ẹrù ìyọnu. Ìdérí ìdí táńkì ń jò, ilé-iṣẹ́ omi Lọ́ńdọ̀nù ń rí omi wọn tó ń bá ihò lọ tọ̀sán tòru. Pàápàá lẹ́yìn Àfihàn Ńlá ti 1851 ní Hyde Park, níbi tí George Jennings ti ń gba kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó ń lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí àwọn tó wọ ibẹ̀ sì lé ní 800,000, olúkúlùkù ń fẹ́ ọ̀kan sílé. Òfin dé: táńkì ò gbọdọ̀ tú ju gálọ́ọ̀nù méjì lọ, ìyẹn nǹkan bíi lítà mẹ́sàn-án, àti pé kó má ní ìdérí tó lè jò rárá.

Báwo ni táńkì ṣe ń tú omi láìní ìdérí nídìí? Bí o bá ti rí ẹni tó fi rọ́bà fa bẹntiróòlù nínú ọkọ̀ rí, o ti mọ̀ ọ́n. Á fi ẹnu fà á lẹ́ẹ̀kan, epo á gun òkè, á sọ̀ kalẹ̀, kò sì ní dúró mọ́ títí tí ẹnu rọ́bà á fi kan afẹ́fẹ́. Nínú táńkì Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pá tó tẹ̀ kọ́dọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Bí o bá fa ẹ̀wọ̀n, á ju omi díẹ̀ kọjá ọrùn ọ̀pá, omi yòókù á tẹ̀ lé e. Kò sí rọ́bà tó ń gan. Albert Giblin gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀kan nínú wọn ní 1898, Thomas Crapper ló ń tà á, orúkọ Crapper ni ayé sì mú. Òǹtajà gidi ni Crapper, iṣẹ́ pulọ́ńbà rẹ̀ mọ́, ó tún bọ́ọ̀lù ṣe díẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Amẹ́ríkà kò fẹ́ ọ̀pá kọ́dọ̀rọ̀, rọ́bà ni wọ́n dì mú. Adolf Schoepe dá ilé-iṣẹ́ Fluidmaster sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1957, wọ́n sì sọ apá gígùn di ife ike tó ń gun ọ̀pá lóòró. Ní 1980, Bruce Thompson ní Ọsirélíà ṣe bọ́tìnnì méjì fún ilé-iṣẹ́ Caroma, lítà 11 fún ńlá, 5.5 fún kékeré. Òfin Amẹ́ríkà ti 1992 mú un wá sí nǹkan bíi lítà mẹ́fà. Ìlú Ọba náà fàyè gba ìdérí láti 2001, ìró ṣììì sì padà dé sílé wọn.

Mo ka gbogbo èyí fún bàbá pulọ́ńbà nígbà tí wọ́n tún wá ṣe ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Ọmọ onígbàjámọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n mi orí, wọ́n ṣí ìdérí táńkì, wọ́n wo rọ́bà tí wọ́n gé lára táyà inú kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí ṣọ́ọ̀bù kankan kò tíì ṣí nígbà náà. Ó ṣì rọ̀. Búlúù tí mo dà sí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kò tíì dé inú àwo.