Abẹ́rẹ́ Ẹ̀tàn

Àbúrò màmá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ọ̀ffà, ti ń bá orúnkún ọ̀tún yí fún ọdún mélòó kan. Lọ́dún tó kọjá ni ọmọ wọn mú wọn wá sọ́dọ̀ wa ní Ìlọrin, tó sì sanwó fún wọn níbì kan ní Gáà-Akanbí tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ gún èèyàn lára. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Màmá lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, wọ́n ní àwọn ti lè kírun láìfọwọ́ di ògiri mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ibẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn.

Àbúrò mi Sìdíkátù, nọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló dá a sílẹ̀. "Màmá, a dúpẹ́ pé ara yín yá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣèwádìí abẹ́rẹ́ yẹn o. Kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn lọ."

Ìyá Ọ̀ffà gbé ife kókó kalẹ̀. "Ẹ̀tàn? Ta ló tàn mí? Ṣé orúnkún mi ni kò mọ̀ pé ara òun ti yá ni?"

Àárín àwọn méjèèjì ni mo jókòó sí. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn, "abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn", ló dá ìjà sílẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ tú níbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́nu tiwa, ẹni tó bá ní òun gba abẹ́rẹ́, oògùn ni wọ́n fà sínú síríńjì tí wọ́n gún sí i lára. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Akupọ́ńṣọ̀ ni àwọn oníṣègùn ń pè é, abẹ́rẹ́ Ṣáínà ni lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó tín-ín-rín, kò ní ihò, kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Wọ́n á gún un sí àwọn ojú ibi pàtó lára, wọ́n á fi í síbẹ̀ fún bí ogún tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á yọ ọ́. Àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ ní agbára kan tí wọ́n ń pè ní qi ló ń ṣàn nínú ara, àti pé ojú ibi tó lé ní 360 ló wà tí èèyàn lè gún láti tún ìṣàn náà ṣe. Nínú gbogbo àwọn tó ti la ara òkú láti fi kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, kò sẹ́ni tó bá ojú ọ̀nà qi yẹn pàdé. Ṣùgbọ́n àlàyé lè kùnà kí iṣẹ́ ọwọ́ má kùnà. Àwọn ìyá wa ti ń fi ọṣẹ fọ ọgbẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí kòkòrò àrùn. Nítorí náà àwọn olùwádìí pa ọ̀rọ̀ qi tì, wọ́n bi ìbéèrè kan ṣoṣo: bí a bá gún un, ṣé ara á yá?

Ìbéèrè yẹn gan-an kò tíì pé. Ara á yá ju ti ta ni lọ?

Nítorí pé ọmọ Ọ̀ffà ni Màmá, ànàmọ́ ni mo fi ṣàlàyé fún wọn. Bí ẹnìkan bá gbé ajílẹ̀ tuntun wá, tí ẹ dà á sí gbogbo oko, tí ànàmọ́ sì ta dáadáa lọ́dún náà, ṣé ajílẹ̀ ló ṣe é àbí òjò? Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀. Ẹ ní láti fi àwọn ebè kan sílẹ̀ láìda nǹkan kan sí i. Ẹ kò sì gbọdọ̀ mú ebè etí odò fún ajílẹ̀ kí ẹ wá fi ti orí àpáta sílẹ̀. Kèké ni kí ẹ ṣẹ́, kí ó má di pé ọkàn yín ló ń yàn fún yín. Màmá gba èyí kíákíá. Inú oko ni wọ́n dàgbà sí.

Ibi tí èèyàn ti yàtọ̀ sí ebè ni pé ànàmọ́ kò mọ̀ pé wọ́n da ajílẹ̀ sí òun. Ẹni tí wọ́n gún mọ̀. Ó ti wọkọ̀, ó ti sanwó, ó ti dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí kò sí ariwo, ẹnìkan ti fara balẹ̀ bi í nípa oorun rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan. Gbogbo ìyẹn náà ń mú ara fúyẹ́. Báwo wá la ṣe máa yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lè dá hàn? Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fún àwọn kan ní gbogbo rẹ̀, yàrá, ìbéèrè, ìdùbúlẹ̀, àfi abẹ́rẹ́ gidi nìkan. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò abẹ́rẹ́ gidi yẹn ni abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn.

Àwọn kan máa ń lo abẹ́rẹ́ tòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á gún un sí ibi tí kì í ṣe ojú ibi, wọn kò sì ní jẹ́ kó wọlé jìnnà. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Konrad Streitberger, dókítà kan ní Heidelberg ní Jámánì, tó gbé e jáde lọ́dún 1998. Ẹnu abẹ́rẹ́ náà kò mú. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, irin rẹ̀ á wọ inú èèkù lọ, ẹni tó dùbúlẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára bí ìgbà tí nǹkan gún òun, á sì rí i lójú pé ó ti kúrú. Ẹni tó bá ti rí idà tí àwọn òṣèré fi ń gún ara wọn nínú eré ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Mi ò pè é ní ayédèrú o. Ayédèrú ni ohun tí ẹni tó ń ta oògùn lọ́jà fi ń jẹ wá, tí NAFDAC ń lé kiri. Ẹni tó wọ inú ìwádìí báyìí, wọ́n ti sọ fún un ṣáájú pé ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n fẹ́ fi wéra, pé kò ní mọ èyí tó máa bọ́ sí òun lọ́wọ́, ó sì ti fọwọ́ sí i. Ká ní Sìdíkátù ti ṣàlàyé ìyẹn ṣáájú ni, kókó Màmá ì bá má tutù.

Ó yá, èsì ńkọ́? Lọ́dún 2007 ni wọ́n tẹ èsì ìwádìí ńlá kan jáde ní Jámánì, GERAC lorúkọ rẹ̀, lórí ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́ lára. Èèyàn 1,162 ni wọ́n ṣẹ́ kèké pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ gidi. Àwọn kan gba ti ẹ̀tàn, èyí tí kò wọlé ju mílímítà kan sí mẹ́ta lọ, ní ibi tí kì í ṣe ojú ibi. Àwọn tó kù gba ìtọ́jú tó wọ́pọ̀: oògùn ìrora, fisiotẹ́rápì, eré ìdárayá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara ti tu 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba abẹ́rẹ́ gidi. Ti ẹ̀tàn, 44.2. Ìtọ́jú tó wọ́pọ̀, 27.4.

Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Iye méjì àkọ́kọ́ ni Sìdíkátù ń wò, ó sì rí i pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Iye àkọ́kọ́ àti ìkẹta ni Màmá ń wò láìmọ̀, wọ́n sì rí i pé abẹ́rẹ́ fi jìnnà ju oògùn tí àwọn ti ń gbé mì tẹ́lẹ̀ lọ. Tábìlì kan náà ni àwọn méjèèjì kà. Ti ẹ̀fọ́rí túúlu tí wọ́n ṣe ní Jámánì níbẹ̀ náà, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2005, tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú èèyàn 302, àwọn tí ọjọ́ ẹ̀fọ́rí wọn dín kù dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 51 nínú ọgọ́rùn-ún fún abẹ́rẹ́ gidi, 53 fún ti ẹ̀tàn, 15 péré fún àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣì dúró ná.

Kì í sì í ṣe ilé wa nìkan ni èyí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Lọ́dún 2006, ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ohun tí owó ìlera ará ìlú máa bójú tó ní Jámánì ní àwọn á máa sanwó abẹ́rẹ́ Ṣáínà fún ẹ̀yìn àti orúnkún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NICE, tó ń gba ilé ìwòsàn ìjọba nímọ̀ràn, fọwọ́ sí i fún ẹ̀yìn ríro lọ́dún 2009, ó sì yọ ọwọ́ náà lọ́dún 2016, nítorí pé kò fi nǹkan gúnmọ́ borí ti ẹ̀tàn. Ẹnìkan fi wé ìtọ́jú tó wọ́pọ̀, ẹnìkejì fi wé ẹ̀tàn.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n sọ tèmi: mo rò pé abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe díẹ̀, ohun tó yí i ká ló ń ṣe èyí tó pọ̀. Lọ́dún 2012, Andrew Vickers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 29 jọ, èèyàn 17,922 ló wà nínú wọn. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀ rọrùn. Ká ní ìrora èèyàn jẹ́ 60 lórí òṣùwọ̀n tó lọ dé 100. Láìgún nǹkan kan, á wálẹ̀ sí 43. Pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn, 35. Pẹ̀lú gidi, 30. Ẹ wo èyí tó kọ́kọ́ wálẹ̀ yẹn, láti 60 sí 43, láìsí abẹ́rẹ́ rárá. Ìrora orúnkún àti ẹ̀yìn kì í dúró lójú kan, a máa le, a máa rọ̀. Ìgbà tó bá le jù lèèyàn ń wá olùtọ́jú lọ, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò rọ̀ fúnra rẹ̀. Ọyẹ́ ni Màmá wá bá wa, ìgbà òjò ni wọ́n padà.

Ohun tó yí abẹ́rẹ́ ká ńkọ́? Lọ́dún 2008, Ted Kaptchuk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó èèyàn 262 tí inú ń dà láàmú jọ. Kò sẹ́ni tó gba abẹ́rẹ́ gidi nínú wọn. Àwọn kan dúró lásán. 28 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ara tu òun. Àwọn kan gba ti ẹ̀tàn lọ́wọ́ ẹni tí kò bá wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀: 44. Àwọn tó kù gba ti ẹ̀tàn kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú wọn jókòó tì wọ́n, ó gbọ́ tẹnu wọn, ó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀: 62. A ti máa ń sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Mi ò mọ̀ pé ó ń yọ inú rírun.

Àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ ní èsì tiwọn, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí ẹ̀tàn tó gún awọ ara, kó tún jẹ́ pé kò ṣe nǹkan kan, kò ṣeé ṣe. Ara ń mọ ohun tó gún un lára níbikíbi. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gígún níbikíbi bá ti tó, kí la wá ń há ojú ibi 360 sórí fún?

Bó bá ṣe ìrora nìkan ni, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó ń rora ló mọ bó ṣe ń rora, bó bá ní ó ti dín kù, ó ti dín kù náà nìyẹn. Àìsàn mìíràn wà tí kò rí bẹ́ẹ̀, èyí sì ni mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2011, wọ́n ṣèwádìí ikọ́ fée, tí a ń pè ní àsímà, ní Amẹ́ríkà. Ẹnìkọ̀ọ̀kan gba íńhélà gidi, íńhélà tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn, tàbí kí wọ́n dúró lásán, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ara àwọn fi 50 nínú ọgọ́rùn-ún sàn pẹ̀lú íńhélà gidi, 45 pẹ̀lú èyí tó ṣófo, 46 pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn. Wọ́n wá fi ẹ̀rọ wọn èémí tó ń jáde. Íńhélà gidi la ọ̀nà èémí ní ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó kù, tó fi mọ́ dídúró lásán, kò ju nǹkan bíi méje lọ.

Ẹni náà ní ara ti tu òun, ọ̀nà èémí rẹ̀ sì wà ní fífún bó ṣe wà. Ní ìgbà ọyẹ́ ní Ìlọrin, tí eruku bo ojú títì láti Òkè-Òyì dé Ọ̀ffà Gáréèjì, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi íńhélà sílẹ̀ sílé. Àwọn tó ń ṣe hìjáámà, ìyẹn fífi ife fa ẹ̀jẹ̀ lára, ń pọ̀ sí i láàárín ìlú wa, àwọn kan nínú wọn sì ti ń fi abẹ́rẹ́ yìí kún un. Bí wọ́n bá ní àwọn á fi tọ́jú orúnkún yín, ẹ wò ó bóyá abẹ́rẹ́ tuntun ni wọ́n já nínú páálí lójú yín, nítorí àrùn ẹ̀dọ̀ ń gba ojú abẹ́rẹ́ àlòkù wọlé. Ìyókù, owó yín ni. Bó bá jẹ́ ikọ́ fée, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní àwọn á fi tọ́jú, tí wọ́n sì ní kí ẹ fi oògùn sílẹ̀, ẹ dìde.

Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó kò kàn fẹ́ gba ti Ṣáínà ni. Artemisinin tó wà nínú oògùn ibà tí gbogbo wa ń rà ní kẹ́mísì, inú ewé ìṣègùn Ṣáínà ni Tu Youyou, olùwádìí ọmọ Ṣáínà, ti rí i, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Wọ́n dán an wò, ó yege.

Gbogbo èyí ni mo rò fún Màmá lálẹ́ ọjọ́ náà, Sìdíkátù sì ń mi orí. Ìyá Ọ̀ffà dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

"Àwọn tí wọ́n ń fi ti ẹ̀tàn gún yẹn, ṣé wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ wọn?"

Mo ní nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ kì í sábà sanwó.

Wọ́n kọjú sí Sìdíkátù. "Ìwọ nọ́ọ̀sì, bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe ti ẹ̀tàn. Orúnkún òsì ti ń bẹ̀rẹ̀."